Ọkọ̀ Ni Kí Ó Yí: Àlàyé Lórí Yíya Àwòrán Oòrùn Tí Ó Ń Wọ̀ Lójú Ọ̀sà

Kò sí ẹni tí kò tíì rí i kí oòrùn wọ̀. Àgbẹ̀ a máa fi ṣe àmì pé ilé yá. Ìyá tí ó pàtẹ ọjà a sì máa fi mọ̀ pé ó tó àkókò láti tan fìtílà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí kò wọ́pọ̀ láyé àwọn baba wa tí ó ti di àṣà láàrin wa lónìí. Ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn a kó ara wọn jọ, wọn a háyà ọkọ̀ ojú omi, wọn a sì lọ sí àárín ọ̀sà nítorí àtiwo oòrùn tí ó ń wọ̀ àti láti ya àwòrán rẹ̀. Ẹgbẹ́ olùkọ́ ń ṣe é, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe é, àwọn ìjọ pàápàá kò gbẹ́yìn. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé kò ní burú bí a bá ya ojú ìwé mélòó kan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí.

Ohun kan ni ó fà á tí mo fi mú gègé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwa olùkọ́ bíi mẹ́rìndínlógún láti Mówè, Ìbàfò àti Ifọ̀ wà nínú ọkọ̀ kan lójú ọ̀sà Èkó. Bí oòrùn ti sún mọ́ omi, tí ojú ọ̀run pọ́n bí epo, ẹnì kan kígbe pé, “Ẹ wò ó!” Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo àwọn tí ó jókòó ní apá ọ̀tún ti dìde, wọ́n sì ti rọ́ lọ sí apá òsì, oníkálùkù pẹ̀lú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́. Ọkọ̀ náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi sì ta sí wa lẹ́sẹ̀. Baba atukọ̀ kò bínú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le: “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó! Ọkọ̀ ni kí ó yí, kì í ṣe ẹ̀yin.” A jókòó pẹ̀lú ìtìjú. Ó dín iná ẹ́ńjìnnì kù, ó sì rọra yí ọkọ̀ náà títí tí apá kìíní fi rí oòrùn, lẹ́yìn náà apá kejì. Gbogbo wa ni a ya àwòrán, kò sì sí ẹni tí ó tún dìde. Láti ọjọ́ náà ni gbólóhùn baba yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi, òun ni mo sì fẹ́ tú palẹ̀ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ èdè wa wò, nítorí ó ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún wa. Yorùbá kò ka ìgbà tí oòrùn ń lọ sí ìgbà kan ṣoṣo. Ìrọ̀lẹ́ ni ìgbà tí ooru ọjọ́ ti rọlẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ sì tutù lójú. Àṣálẹ́ ni ìgbà tí oòrùn ti wọ̀ ṣùgbọ́n tí a ṣì lè dá ojú ẹni mọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni alẹ́ yóò lẹ́ tí òkùnkùn yóò sì kùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya àwòrán dáradára gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ àwọn ìgbà wọ̀nyí, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọ̀. Àwọn kan a máa sọ pé èdè wa kò ní orúkọ àwọ̀ tí ó pọ̀, pé pupa ni à ń pe epo, pupa ni à ń pe ọsàn tí ó pọ́n, pupa náà ni à ń pe wúrà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó ń tẹ̀lé pupa. Ohun tí ó pupa fòò kì í ṣe ohun tí ó pupa rúsúrúsú. Bí o bá wo ojú ọ̀run láti ìrọ̀lẹ́ títí di àṣálẹ́, wàá rí i pé pupa kan ṣoṣo yìí ni ó ń yí padà láti orí àwọ̀ wúrà dé orí àwọ̀ epo, kí ó tó di àwọ̀ eérú.

Ní ti àgbègbè wa, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀nà oòrùn hàn wá. Bí ènìyàn bá dúró ní Mówè tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn gan-an, Ifọ̀ ni ó kọjú sí. Ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, nǹkan bíi máìlì 17 sì ni ó wà láàrin wọn. Nítorí ìdí èyí, oòrùn a máa wọ̀ ní Mówè ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 1 kí ó tó wọ̀ ní Ifọ̀. Láàrin méjèèjì ni Odò Ògùn ti ń ṣàn wá láti Abẹ́òkúta, tí ó ń gba ẹ̀gbẹ́ Ìṣẹrì kọjá títí tí ó fi wọ inú ọ̀sà Èkó. Omi kan náà ni ó so wá pọ̀ mọ́ ọ̀sà, ṣùgbọ́n odò kì í ṣe ọ̀sà. Ọkọ̀ kéékèèké àti ọkọ̀ oníyanrìn ni ó pọ̀ lórí Odò Ògùn ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, odò náà a sì máa kún àkúnya ní ìparí ìgbà òjò, pàápàá nígbà tí a bá ṣí omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọyán, tí a kọ́ parí ní 1983. Nítorí náà, àwọn ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ gbafẹ́ lórí omi láti Mówè, Ìbàfò tàbí Ifọ̀ a máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Èkó, níbi tí èbúté àti ọkọ̀ ńláńlá wà.

Ọ̀sà Èkó bá iṣẹ́ yìí mu. Bí ọkọ̀ bá wà láàrin rẹ̀, ìwọ̀-oòrùn ni Mákòkó, Yunifásítì Èkó àti afárá Third Mainland wà, afárá tí a parí ní 1990 tí gígùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12. Ẹ̀yìn afárá yìí ni oòrùn ń wọ̀ sí lójú ẹni tí ó wà lórí omi. Ṣùgbọ́n kì í wọ̀ sí ojú kan náà láti oṣù dé oṣù. Ní oṣù kẹfà, yóò yà sí ìhà àríwá. Ní oṣù kejìlá, yóò yà sí ìhà gúúsù. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án ni ó máa ń wọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn gan-an. Ẹni tí ó bá rí àwòrán kan ní oṣù kejìlá tí ó sì fẹ́ ya irú rẹ̀ ní oṣù kẹfà yóò dúró títí, oòrùn kò ní wá sí ibẹ̀.

Àkókò pàápàá ń yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, oòrùn a máa wọ̀ ní Èkó àti ní àgbègbè wa ní nǹkan bí agogo 6 kọjá ìṣẹ́jú 25. Ní oṣù keje, ó di nǹkan bí agogo 7 kọjá ìṣẹ́jú 5. Nígbà tí ìsàlẹ̀ oòrùn bá kan omi, nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 péré ni yóò lò kí gbogbo rẹ̀ tó rì. Àwọn ará wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù a máa rí i tí yóò lò ju ìṣẹ́jú 4 lọ ní oṣù kẹfà, nítorí pé níbẹ̀, oòrùn a máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn wọlẹ̀; ní ilẹ̀ wa, òòró gangan ni ó ń já bọ́. Ìdí nìyí tí àṣálẹ́ wa kì í fi í pẹ́. Lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ni a ní kí òkùnkùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú gidigidi. Kí òǹkàwé mú iye méjì yìí dání, ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú 20, nítorí a ó tún padà sí orí wọn.

Kí ni ó ń sọ oòrùn di pupa? Ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í ṣe àwọ̀ kan. Gbogbo àwọ̀ tí a ń rí nínú òṣùmàrè ni ó pọ̀ mọ́ra nínú rẹ̀. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ yìí bá ń la afẹ́fẹ́ kọjá, afẹ́fẹ́ a máa fọ́n àwọ̀ aró ká ju àwọ̀ pupa lọ. Ọ̀mọ̀wé ará Ìlú Ọba kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rayleigh ni ó ṣe àlàyé èyí ní 1871. Ní ọ̀sán gangan, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá kò nípọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn bá kan ẹsẹ̀ ọ̀run, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gbà kọjá a máa tó nǹkan bí ìlọ́po 38 ti ọ̀sán. Kí ó tó dé ojú wa, àwọ̀ aró ti fọ́n dànù sí ọ̀nà, ó ku pupa. Ohun ìyanu mìíràn ni pé afẹ́fẹ́ kan náà ń tẹ ìtànṣán oòrùn kọrọdọ. Nígbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá fara kan omi lójú wa, oòrùn fúnra rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀run. Ohun tí ó ti lọ ni à ń ya àwòrán rẹ̀.

Ìgbà ọdún náà ní ipa tirẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti agbègbè Bodélé ní ilẹ̀ Chad, a máa bo ojú ọ̀run. Bí eruku náà bá fẹ́lẹ́, oòrùn a dà bí owó bàbà, ojú a sì lè wò ó láìṣẹ́jú púpọ̀. Bí ó bá nípọn jù, oòrùn a ràn rẹ́súrẹ́sú, yóò sì pòórá sínú eruku kí ó tó dé omi. Ní ìgbà òjò, ìkùukùu lè bò ó pátápátá. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ tán lọ́sàn-án tí ojú ọ̀run sì là ní ìwọ̀-oòrùn, ìkùukùu tí ó ṣẹ́kù lókè a gba iná láti ìsàlẹ̀, ẹwà rẹ̀ a sì kọjá ohun tí ẹnu lè sọ. Ẹ má gbàgbé pé irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀ lè mú ìjì wá. Bí atukọ̀ bá sọ pé kí a padà, kí a padà.

Ní báyìí, bí a ṣe ń ya àwòrán náà. Èkíní, kí ẹsẹ̀ ọ̀run ó tẹ́jú. Àwòrán tí omi inú rẹ̀ dà bí ẹni pé ó fẹ́ ṣàn dànù kò dùn ún wò. Èkejì, fóònù tàbí kámẹ́rà kò lè rí ohun tí ó mọ́ jù àti ohun tí ó dúdú jù lẹ́ẹ̀kan náà bí ojú ènìyàn ti ń rí i. Bí o bá fi ọwọ́ kan ojú ènìyàn lórí fóònù, ojú rẹ̀ yóò hàn ṣùgbọ́n ọ̀run yóò funfun báláú. Bí o bá fi ọwọ́ kan ojú ọ̀run nítòsí oòrùn, àwọ̀ yóò jáde dáradára, ènìyàn yóò sì di òjìji dúdú. Méjèèjì ni ó ní ìlò tirẹ̀, ṣùgbọ́n yan ọ̀kan. Ẹ̀kẹta, ọkọ̀ ń mì. Ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ gba àtúnṣe, kí ó jẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣí kí ó sì pa dé láàrin ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá kan bí ọkọ̀ bá ń sáré. Kí ó má fi apá lé ara ọkọ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì yóò mi í. Kí ó fún ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà. Ẹ̀kẹrin, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ojú wo oòrùn tààrà láti inú kámẹ́rà tí dígí rẹ̀ ń fa ohun jíjìn súnmọ́. Ó lè ba ojú jẹ́.

Ẹ̀karùn-ún ni mo kà sí pàtàkì jù lọ. Oòrùn kò ní ìlú. Àwòrán oòrùn lásán tí a yà ní Èkó kò yàtọ̀ sí èyí tí a yà ní ilẹ̀ Brazil. Ohun tí ó wà níwájú oòrùn ni ó ní ìlú: ilé orí òpó ní Mákòkó, èéfín ẹja tí ń rú, apẹja tí ó ju àwọ̀n, afárá tí ọkọ̀ ń rìn lórí rẹ̀ bí ìjàlọ. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí àgbègbè wa. Ní Ọ̀tà, tí kò jìnnà sí Ifọ̀, ni a ti bí Herzekiah Andrew Shanu ní 1858. Ó lọ sí ilẹ̀ Kóńgò ní 1884, ó sì di ayàwòrán níbẹ̀. Bí àwọn ènìyàn bá ṣì ń wo àwòrán rẹ̀ títí di òní, kì í ṣe nítorí oòrùn. Nítorí pé ó fi ibi kan àti àwọn ènìyàn ibẹ̀ hàn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ya ojú apẹja tàbí ilé onílé, kí ó kí wọn, kí ó sì tọrọ àyè. Ènìyàn kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ fún oòrùn.

A ti wá dé ibi tí gbólóhùn baba atukọ̀ ti wúlò. Ọkọ̀ dà bí ẹni tí ó ru igbá omi: bí ẹrù bá wà ní àárín, tí ó sì wà nísàlẹ̀, ó dúró, bí ẹrù bá ga tàbí tí ó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó dojú dé. Ènìyàn tí ó jókòó jẹ́ ẹrù tí ó wà nísàlẹ̀. Bí ó bá dìde, ó ti gbé ẹrù sókè. Bí ogún ènìyàn bá dìde tí wọ́n sì rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ti ṣe ohun méjèèjì tí ọkọ̀ kò fẹ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 1915, ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ Eastland tí ó fẹ́ gbé àwọn òṣìṣẹ́ àti ìdílé wọn lọ ṣe fàájì dojú dé nígbà tí kò tíì kúrò ní èbúté. Òkè rẹ̀ ti wúwo jù. Ènìyàn 844 ni ó kú sínú omi tí kò jìnnà sí etí ilẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ tí ó ń gbé àwọn tí ó ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ lóru dà sínú Odò Ọya ní ìhà ìpínlẹ̀ Kwara. Àwọn tí ó kú lé ní 100. Fàájì ni àwọn méjèèjì bá lọ.

Báwo wá ni a ó ṣe ya àwòrán láìdìde? Ọ̀nà kìíní ni ti baba: kí ẹgbẹ́ bá atukọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó kúrò ní èbúté pé, nígbà tí oòrùn bá kù díẹ̀ kí ó wọ̀, kí ó dín iná kù, kí ó sì yí ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú 2 kéré fún èyí, nítorí náà kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 10 ṣáájú. Ọ̀nà kejì ni kí àwọn tí ó jókòó ní ìhà ìlà-oòrùn mọ̀ pé àwọn náà ní ìpín. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ tí ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn wọn a máa dà bí wúrà lára ènìyàn; kò sí ìgbà tí ojú ọ̀rẹ́ ẹni ń dára nínú fọ́tò tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀ tán, bí ojú ọ̀run bá mọ́, kí wọ́n wo ẹsẹ̀ ọ̀run ní ìlà-oòrùn: wọn yóò rí ohun kan tí ó ṣú bí aró, tí pupa díẹ̀ wà lórí rẹ̀, tí ó ń gòkè bọ̀. Òjìji ayé tí a ń gbé inú rẹ̀ gan-an ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí i rí, nítorí gbogbo wọn ti kọ ẹ̀yìn sí i.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀. Àjọ NIWA, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1997, àti àjọ LASWA ti ìpínlẹ̀ Èkó, tí òfin rẹ̀ jáde ní 2008, ka wíwọ ẹ̀wù agbẹ̀mílà sí ọ̀ranyàn, wọ́n sì lòdì sí gbígbé èrò lójú omi lóru. Ẹ rántí ìṣẹ́jú 20 wa. Bí èbúté bá jìnnà ju ìrìn ìṣẹ́jú 15 lọ sí ibi tí ẹ ti ń wo oòrùn, òkùnkùn yóò bá yín lójú omi. Nítorí náà, kí ọkọ̀ kọ́kọ́ lọ jìnnà nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí ó sì ti padà sún mọ́ èbúté kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn tí ó ń ti Mówè àti Ìbàfò bọ̀ mọ bí ọkọ̀ ti ń há ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Kí wọ́n tètè kúrò nílé. Bí wọ́n bá pẹ́ tí oòrùn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀, kí wọ́n wò ó láti etí èbúté. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ọ̀la yóò tún wọ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwòrán tí mo yà ní ọjọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Oòrùn kò hàn dáradára nínú rẹ̀. Afárá ti gé e sí méjì. Ohun tí ó hàn jù lọ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn mẹ́rìndínlógún, gbogbo wọn lórí ìjókòó, wúrà ìrọ̀lẹ́ lójú wọn, àti baba atukọ̀ lẹ́yìn wọn tí ó ń yí ọkọ̀. Mo kà wọ́n nígbà tí a dé èbúté. Wọ́n pé.